Agolo Tòlótòló Lára Àwọ̀n

                                        Etí Òkun, Ugbonla,
                                        Ọ̀nà Òkìtìpupa.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹsàn-án, 1951.

Ọ̀rẹ́ mi Ṣùáíbù,

Ṣé dáadáa ni o wà? Láídì aya rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rá? Mo lérò pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o wálé ti fi ọ́ sílẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé òjò kò dáwọ́ dúró ní Sápẹ́lẹ̀ tí o wà. Ara ìyá rẹ le koko. Ó ní aṣọ tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ Iléyá kí òun tó ró o. Èmi náà wà. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ṣùáíbù, orí mi dàrú. Mo dà bí ẹni tí kùrukùru ká mọ́ inú ọkọ̀, tí kò mọ ìhà tí ilẹ̀ wà. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí yóò ti yé ọ.

O mọ àwọ̀n tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi. Igi fúyẹ́fúyẹ́ ló so mọ́ etí rẹ̀ kí ó lè léfòó, ó sì fi irin gbígbóná kọ àmì ilé wa sára wọn. Bí ìgbì bá gbé àwọ̀n lọ, ẹni tó bá rí i yóò wo ara igi, yóò sì mọ ilé tí yóò gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí tábà Onítòlótòló, tí àwòrán tòlótòló wà lára agolo rẹ̀, ti wọ ọjà Ode Mahin, kò sí ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n rí agolo rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹni tí kò bá ní in, ará ijọ́un ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fa tábà tán, wọ́n á fi ọ̀dà dí ẹnu agolo náà, wọ́n á so ó mọ́ àwọ̀n dípò igi. Yóò máa dán lójú omi, àwọn ọmọbìnrin tó ń yan ẹja á sì máa wò ó. N kò fẹ́ràn òórùn tábà, síbẹ̀ mo rà á, mo fà á, mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo já gbogbo igi bàbá mi sọnù, ìyá mi sì fi wọ́n dáná ẹja. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, pé àkísà bàbá mi ni mo já yẹn. Mo ní ayé ti lajú.

Ìjì oṣù tó kọjá wá gbé àwọ̀n mi lọ. Ó gbé ti Olówòkéré, bàbá Àrìnpé, lọ pẹ̀lú. Àgbà ni Olówòkéré, ṣùgbọ́n òun náà ti so agolo tòlótòló mọ́ tirẹ̀, ó ní àwọn ọmọdé kò ní í fi fáàrí ju òun lọ. O rántí Àrìnpé, ọmọbìnrin tí mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ tọrọ bí òjò bá dá. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, àwọn ará ìlú Oríòkè-Ìwàmímọ́ rí àwọ̀n kan ṣoṣo, wọ́n gbé e wá fún wa. Agolo tòlótòló ló wà létí rẹ̀, kò sí àmì ilé kankan lára wọn. Èmi di etí kan mú, Olówòkéré di èkejì mú. Wọ́n pe Jímọ́ọ̀ tó ń bá gbogbo wa tún àwọ̀n ṣe. Ó wò ó títí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ṣùgbọ́n ti ta ni, òun kò mọ̀.

Bàbá Jọọlá, olórí àwọn apẹja, ní kí ẹni tó dá a lójú pé òun ló ni ín búra. Mo wo àwọ̀n náà, ó jọ tèmi. Mo tún un wò, kò jọ ọ́ mọ́. N kò lè búra. Olówòkéré náà kò búra. Ni wọ́n bá fi í kọ́ sórí òpó létíkun, títí a ó fi mọ ẹni tó ni ín. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo ń bá lọ sójú omi, ẹja tí wọ́n bá ṣà fún mi kì í kún àwo. Ìyá mi kò rí ẹja tà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Olówòkéré ránṣẹ́ pè mí. Ó fún mi ní àga, ó ní, “Ọma mi, mo gbọ́ pé ojú rẹ wà lára Àrìnpé. Bí ó bá di aya rẹ, àwọ̀n ti di ti ilé kan nìyẹn. Ẹjọ́ parí.”

Ohun tí ojú mi ń wá nìyẹn, Ṣùáíbù, ṣùgbọ́n n kò lè yọ̀. Bí àwọ̀n bá jẹ́ tèmi, ṣé ọmọ ló fẹ́ fi gbà á ni? Bí ó bá sì jẹ́ tirẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí yóò fún mi ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Èmi tí n kò ronú nípa ohun mìíràn láti ọdún èṣí.

Níjẹta ni Àrìnpé fúnra rẹ̀ tukọ̀ wá sí èbúté wa. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó bi mí pé, “Ọlọ́rundáre, ká ní kò sí àwọ̀n yìí rárá, ṣé wàá wá tọrọ mi?”

Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé bí mo bá tètè dáhùn, yóò ní àwọ̀n ló ń kán mi lójú. Bí mo bá sì pẹ́, kí ni yóò rò? Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò tọ̀nà ni ó ti ti àjẹ̀ bọ omi. Kò bínú. Ó kàn ní, “Ó dáa.”

Lánàá, àwọn àbúrò Àrìnpé já àwọ̀n náà lórí òpó, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá sílé wa. Wọ́n ní bàbá àwọn ti yọwọ́, kí n máa lò ó. Ìyá mi dúpẹ́, ó jó díẹ̀. Àwọn ará ilé ní mo jàre.

Bá mi kí Láídì, kí o sì gbé ọmọ náà sókè fún mi. Ìyá mi kí yín, Jímọ́ọ̀ náà kí ọ. Bí o bá ní ìmọ̀ràn, fi rán ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé kí n lọ bá Àrìnpé sọ̀rọ̀. Mo ti lọ láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ní ó ti bá ọkọ̀ ọjà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ode Mahin, kò sì sọ ìgbà tí yóò padà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀,

Ọlọ́rundáre