Férémù Tí Kì í Tẹ̀

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Koko lara mi le, bíi férémù kẹ̀kẹ́ tí à ń fọwọ́ ṣe níbí. Okùn kábọ́ọ̀nù tó tín-ín-rín bí irun la fi ń wé e, síbẹ̀ géńdé mẹ́ta fò lé e, kò tẹ̀. Ọ̀gá wa láájò o! Ó ń bá mi tọ́jú pásípọ́ọ̀tù mi, ó sì ń tilẹ̀kùn mọ́ wa kí eruku má baà wọlé.

Férémù tó bá ti là nínú, ojú kì í rí i. Owó kọ́ìnsì la fi ń lù ú wò. Ohùn rẹ̀ ló ń tú àṣírí.

Ẹ ní ẹ fẹ́ gbóhùn mi lórí fóònù. Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣì máa kọ lẹ́tà ná. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní mò ń rẹ́rìn-ín.