Bàámi, Ta Ló Sọ Ọ́ Di Pápá Bọ́ọ̀lù?

Ẹ kú ilé o, Bàámi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Èmi Rísíkátù, àkọ́bí yín, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Mo kí ìyá mi, tí kò rójú sùn láti ìgbà tí tírélà ti tẹ Kúdí àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ bá mi sọ ọ́ sókè dáadáa sí wọn létí, kí wọ́n má baà ní mi ò kí àwọn. Mo kí gbogbo ará àdúgbò ní Ailegun, l'Éjìgbò, àti àwọn wẹ́dà iwájú ilé wa, tí ariwo irin wọn máa ń sú mi nígbà kan, tí mo wá ń ṣàárò rẹ̀ báyìí.

Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n bá yín sọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Lórí fóònù, bí mo bá ti dárúkọ pápá àdúgbò wa báyìí, ẹ ó ní kí n bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Pápá yẹn kì í sì í ṣe ti ilé wa nìkan. Owó gbogbo ìlú ni ìjọba fi ṣe é. Wọ́n ti wá ní kí ìgbìmọ̀ àdúgbò sọ bóyá kí wọ́n fà á lé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ pátápátá, tàbí kí gbogbo eré jọ máa lò ó. Ẹ̀yin ni alága ìgbìmọ̀ náà, ìpàdé yín sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ibi tí ẹ bá fì sí ni àwọn tó kù máa fì sí, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òtútù ibí yìí ò ṣe é ròyìn. Bí mo bá jáde láàárọ̀, omi ojú mi á fẹ́ dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo ń ṣe, nínú gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá kan tí ìjọba ìlú kọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo rí ilà pupa, ilà búlúù, ilà yẹ́lò, ilà funfun lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gba orí ara wọn kọjá bí òwú tí ọmọdé tú ká. Mo rò pé ẹni tó kun ilẹ̀ náà ló ṣàṣìṣe. Ọ̀gá mi ló là mí lọ́yẹ pé eré kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: ẹni tó ń gbá báskẹ́ẹ̀tì ń wo pupa, ẹni tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ń wo búlúù, oníkálùkù sì ń fojú fo ilà ẹnìkejì.

Mi ò ní parọ́ fún yín, Bàámi, wọ́n ń jà níbẹ̀ náà. Àwọn arúgbó tó ń wá na ara láàárọ̀ máa ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ ò palẹ̀ mọ́. Àwọn ará báskẹ́ẹ̀tì ní àwọn ló yẹ kó ni gbogbo ibẹ̀, torí àwọn ló ń pa èrò jọ. Bí mo bá ń gbọ́ wọn, ó máa ń dà bíi pé Èjìgbò ni mo wà. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan síta.

Ìdánìkanwà ló ń jẹ mí níbí ju òtútù lọ. Èmi nìkan ni mo ń dáná, èmi nìkan ni mo ń jẹ ẹ́, àdúrà tí mo bá sì gbà, èmi náà ni mo ń ṣe àmín sí i. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n má gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tí a jọ ń gbálẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n wá bá àwọn obìnrin gbá fọ́líbọ́ọ̀lù. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá, bọ́ọ̀lù bà mí nímú níṣojú gbogbo wọn. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, mi ò rín irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ká ní báskẹ́ẹ̀tì nìkan ló ni gbọ̀ngàn náà ni, ìgbálẹ̀ nìkan ni ǹ bá máa bá wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ni mo rántí lọ́jọ́ náà. Ẹ ti sọ fún wa rí pé nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ti Ìmẹ̀kọ dé, tí ẹ ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ aṣọ n'Ísọlọ̀, ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù Èkó ń bà yín. Bọ́ọ̀lù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbá lẹ́yìn iṣẹ́ ló fún yín ní ọ̀rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ló sì mú yín mọ ìyá mi. Nítorí náà, mi ò bá bọ́ọ̀lù jà. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, bóyá mi ò tiẹ̀ ní sí láyé.

Ohun tí mo ń bá jà ni òwe tí ẹ fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn kó wá ibòmíràn lọ. Bàámi, ta ló pè é bẹ́ẹ̀? Pápá Ìṣeré ni ìjọba kọ sára pátákó tó wà lẹ́nu géètì. Àwa ará àdúgbò la sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù, torí pé bọ́ọ̀lù la kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù alára, òyìnbó ló gbé e wá tòun torúkọ. Àmọ́ tiwa-n-tiwa ni eré. Kí là ń pe ohun tí Kúdí ń ṣe láti kékeré? Ṣebí eré ló ń sá. Ẹni tó ń sáré gan-an la wá lé kúrò ní pápá ìṣeré.

Ẹ sì tún wò ó. Bí Iléyá bá dé, tàbí tí a bá túnu ààwẹ̀, ibẹ̀ náà kọ́ ni Yídì wa? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n tú àwọ̀n lára góólù, kí wọ́n tẹ́ ẹní. Ibi tí ẹ ní a ti pè ní ti bọ́ọ̀lù, orí lẹ fi ń kanlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ pàápàá ti ṣe ìsọjí níbẹ̀ rí, wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé a fi bọ́ọ̀lù wọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ díẹ̀ wà nínú ẹjọ́ yín. Àwọn eléré ìdárayá tó ń ju irin gbẹ́ kòtò sílẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kan sì fi ẹsẹ̀ rọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ní ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé kì í rí olùtọ́jú. Ẹ ò parọ́. Ẹ sọ ọ́ dòfin nígbà náà, kí ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ dí i kó tó lọ, kí koríko sì sinmi lọ́wọ́ gbogbo wa nígbà òjò. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Láàárọ̀, ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, Bàámi, pápá Èjìgbò náà tó wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín ti géètì pa pé kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa dá lò ó ná, Kúdí àti àwọn ọmọbìnrin tó kù tí kọ́ọ̀ṣì wọn ń kọ́ ní eré sísá kó lọ sójú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀. Ibẹ̀ ni tírélà tó ń fẹ̀yìn rìn jáde ti tẹ̀ ẹ́. Dókítà ní yóò rìn. Nígbà tí ìyá mi bi í léèrè bóyá yóò tún sáré, dókítà yíjú sí fèrèsé. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà eré ni mo rò pé ǹ bá máa fi rà fún un.

Ẹ ní kádàrá ni. Mo gbà, mùsùlùmí lèmi náà. Ṣùgbọ́n kádàrá kọ́ ló fi àgádágodo sí géètì. Ìgbìmọ̀ yín ló fi í sí i, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára ìṣó ní pálọ̀ wa. Abẹ́ ìṣó yẹn ni Kúdí ń gbà kọjá láràárọ̀ lọ sójú títì. Kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, torí pé ọmọ tí ẹ kọ́ ni: ọ̀rọ̀ tí bàbá bá ti sọ níta, ọmọ kì í bá a jiyàn rẹ̀ nílé.

Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó ń bínú sí yín. Ó ní rárá o. Ó ní bí ẹsẹ̀ òun bá ti le, òun á tún sáré, lójú títì yẹn náà, òun á kàn tètè máa jáde kí àwọn tírélà tó jí. Mo ní kí ló dé tí kò bẹ̀ yín fún pápá. Ó ní bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà báyìí, àwọn ìgbìmọ̀ á ní torí ọmọ yín ni, òun ò sì fẹ́ kí ẹ tẹ́ lójú wọn. Bàámi, torí kí iyì yín má baà wọmi ni ọmọ yín ṣe fẹ́ padà sáàárín ọkọ̀. Bí ẹ bá máa dìbò pé kí bọ́ọ̀lù dá pápá ní, ẹ kọ́kọ́ pe Kúdí jókòó, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún un pé kó máa lọ sójú títì.

Ọlọ́hun á lọ́ra ẹ̀mí yín, á fi àlàáfíà sí i. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin èyíkéyìí nínú wa. Kí Ọlọ́hun má fi ọmọ kankan, l'Éjìgbò tàbí n'Ísọlọ̀, ṣe ìjẹ ọkọ̀. Ẹ bá mi kí ìyá mi àti Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo ilé, ẹ sì bá mi fọwọ́ pa Kúdí lórí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù