Àgbá Òjò àti Irúgbìn Ṣọkọ Ìyá Àgbà

Ẹ kú ilé o, Ìyá Àgbà mi, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Bàrígà títí dé ẹnu ọ̀nà yín ní Ìsẹ́yìn. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọmọ ọmọ yín ti dà: èmi Sùnkànmí yìí ni Ọba Omi Òjò ní gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà. Àgbá ike mẹ́wàá ni mo tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, òjò á kọ́kọ́ ránṣẹ́ bi mí pé ibo ni kí òun rọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ewé kan ṣoṣo ò fi kú nínú ṣọkọ yín.

Mo mọ̀ pé ṣọkọ lẹ fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá pè, ẹ̀ ń béèrè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè mi. Mo jowú díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Láti ìgbà tí ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, irúgbìn tí ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín kò sí níbòmíràn mọ́, àfi èyí tí ẹ dì sínú ègé ìró yín fún mi. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá sí Èkó, èèyàn ni.

Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Rísí ní Abúlé Òkúta kò ju ẹní méjì lọ, ilà mẹ́fà ni mo gbìn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kànga wa níyọ̀! Bí ẹ bá fi se ẹyin, ẹ ò ní wá iyọ̀. Ó ń jó etí ewé náà. Àǹtí ní ọ̀sà tó sún mọ́ wa ló fà á, pé kí n yáa wá nǹkan gbe omi òjò.

Mo rí àgbá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí kò bá rùn ti mọ́, mo bá ki gbogbo orí mi bọ̀ ọ́. Mi ò gbóòórùn kankan. Mo fi irin gbígbóná lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi táàpù sí i, mo gbé e ka búlọ́ọ̀kù, mo sì ta àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Òjò rọ̀, ó kún, mo bomi rin ṣọkọ yín.

Ní ọjọ́ kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Díẹ̀ ni o. Àǹtí gbé imú sún mọ́ táàpù, ó figbe ta, ó ní òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ yíǹkì ló kún inú àgbá náà, ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo fẹ́ fọ̀ ni àbí ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ rin, pé ṣé imú ni ti ojú mi yìí àbí ọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà láàárín yíǹkì kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, pé ìta nìyàwó òun ti ń gba ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn òun. Ìyá Àgbà, imú mi ti kú, mi ò mọ̀!

Mo da àgbá yẹn nù. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kan ní Pedro ni mo ti gbà á. Òróró ni wọ́n fi gbé. Imú Àǹtí ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún pe aládùúgbò wa kó wá gbóòórùn rẹ̀, bí ẹni ń yan ìyàwó. Mo fi ọṣẹ àti eérú fọ̀ ọ́, mo sá a, mo sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná. Bí òjò bá ń lù ú báyìí, ó ń dún bíi páànù ilé ìdáná yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, á wo orúnkún yín sàn. Ẹ bá mi kí Màámi àti gbogbo ará ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àgbá mẹ́wàá yẹn, ẹyọ kan ni. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni pé mo ní ewé kan ò kú. “Díẹ̀” tí mo pè é yẹn, ilà mẹ́rin ló lọ. Méjì tó kù ni mo ṣọ́ títí wọ́n fi gbó. Mi ò jẹ́ kí Àǹtí já ewé kan níbẹ̀ sọ́bẹ̀. Mo ti gbọn irúgbìn wọn, ó dúdú, ó ń dán, mo sì dì í sínú ègé ìró yín kan náà. Ìdajì rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ so ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Èmi ni, ọmọ ọmọ yín, onírọ́ àgbá mẹ́sàn-án,
Sùnkànmí.