Irorẹ́ Ojú Mi àti Ìgbéyàwó Phebe

Kàdúná, 1994

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le dáadáa. Mo gbọ́ pé ìgbéyàwó Phebe dùn, pé ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá sí Iléṣà.

Irorẹ́ ojú mi ti ń lọ. Ìpara tí wọ́n ní yóò pa á kíákíá ló bó mi lójú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní, "Sẹ̀gilọlá, ojú kì í ṣe ìkòkò tí à ń ha. Sùúrù ni." Ọṣẹ tí kò le ni mo fi ń fọ̀ ọ́ báyìí, láàárọ̀ àti lálẹ́, mi ò sì tẹ irorẹ́ mọ́. Ohun tí ẹ̀yin náà ń sọ nìyẹn.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ kọ́: mo ti di ẹrù tán lọ́jọ́ tó yẹ kí n wọkọ̀. Mo kàn wo dígí lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tí gbogbo àlejò yóò máa wò!

Ẹ bá mi kí ọkọ Phebe tí mi ò tíì rí. Ẹ sọ fún un pé mo wọ aṣọ tí mo rán fún ọjọ́ náà, mo sì jó nínú yàrá mi.

Ọmọ yín,
Sẹ̀gilọlá