Wáyà Tó Parí Sínú Àjà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi eyín gé téèpù,

Fóònù orí tábìlì mi dún lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bi mí ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Délé, ọmọ yín tó jókòó sórí àga yín ní ọ́fíìsì Ìkọ̀tún látìgbà tí ẹ ti lọ, ló pe Múfú oníwáyà wá láti pààrọ̀ àwọn wáyà ọ́fíìsì tí eku ti jẹ. Múfú gun àkàbà, ó sì ṣí àjà lókè orí mi. Ó wá sọ fún mi pé wáyà fóònù tèmi ò dé inú àpótí tí ti gbogbo èèyàn ń parí sí. Wọ́n ká a jọ, wọ́n fi téèpù dúdú dì í, ó sùn síbẹ̀ bí ejò. Eku pàápàá ò yà sí i.

Mo gun àkàbà náà fúnra mi. Etí téèpù rí págunpàgun. Eyín yín ni, Bàbá. Ká ní ọmọṣẹ́ kan ló ṣe é ni, ǹ bá ní ó gbàgbé.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé fóònù yẹn síwájú mi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ so ó mọ́ iná, ojú rẹ̀ tàn. Mo gbé e sétí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ní ti gbígbà ni tèmi, kì í ṣe ti pípè. Mo gbà á gbọ́, èmi tí mò ń kàwé títí ojú fi ń ta mí. Ẹ̀yin kan náà lẹ kọ́ mi pé bí a bá ń to wáyà fóònù, àwọ̀ ọsàn ló ń ṣíwájú, búráùn a kẹ́yìn. Pé wáyà tí orí rẹ̀ ò dé ibì kankan, okùn ìsáṣọ ni.

Àràárọ̀ ni mò ń nu eruku ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá mi, ẹ máa ń pariwo orúkọ mi láti yàrá yín. Mo rò pé àṣà àgbà ni.

Mo bi Bọ̀dá Délé bóyá ó mọ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ìwọ nìkan ni ò mọ̀, jàre. Bàbá ní ká jẹ́ kínú ẹ máa dùn.”

Ṣé àánú nìyẹn, àbí ẹ̀gàn? Ṣé ohùn mi lẹ rò pé yóò lé oníbàárà, àbí nítorí pé mo jẹ́ obìnrin?

Múfú bi mí bóyá kí òun so ó. Mo ní kó so ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to àwọn àwọ̀ náà. Kò pẹ́, ó dún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pèsè ọ̀rọ̀ tí n óò kọ́kọ́ sọ sílẹ̀.

Bọ̀dá Délé ni, láti yàrá kejì.

“Àbúrò, bá mi ra mọ́ínmọ́ín lọ́dọ̀ ìyá ẹnu ọ̀nà. Má jẹ́ kó tutù o.”

Mo rà á. Ó gbóná.

Bàbá, ṣé irú iṣẹ́ rírán yìí lẹ ò fẹ́ kó kàn mí?

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tó ṣì fẹ́ràn yín,
tó ń gbà, tí kì í pè.