Àwòrán Màmá Ti Ṣáájú Lẹ́tà Yìí Dé Ọ̀dọ̀ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Chizuko, dókítà wa ní Sapporo,

Gbogbo ilé kí yín o. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti wálẹ̀. Ó ti wá ń jí iyọ̀ jẹ.

Ẹ̀rọ tuntun dé sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó ń ya àwòrán ẹran ara orí gíláàsì ránṣẹ́ sí dókítà ọ̀nà jíjìn. Dókítà Hoshina àgbà ṣì ń na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń yí maikirosikópù.

Àwòrán kókó tí wọ́n gé lọ́mú Màmá ni mo fi ránṣẹ́. Màmá ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ bóyá jẹjẹrẹ ni. Nígbà tó rí àwòrán náà, ó ní:

"Èmi rè é? Ó mà jọ omi pupa èso ume tí mo fi iyọ̀ sí! Sọ fún Chizuko kó fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tó wà nílé, ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, èmi ni mo ń bá a wá a."

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti mọ èsì, Màmá ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èmi. Ojú yín á ríran kedere o.

Àbúrò yín,
Tamotsu