Ojú-Ewé Tó Bọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Yábàá, Èkó,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 1986.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Màmá ń jẹun dáadáa, iṣu tuntun sì ti wọlé ní Ìlọfà? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sinmi títí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Lẹ́tà yín tí Olóyèdé awakọ̀ mú wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ ti sọ fún ìjọ pé ẹ ó ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìkórè nítorí pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ìdúpẹ́ yẹn dúró. Ipò náà ti bọ́, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi jù ú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ó fún yín kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo la ní, ṣùgbọ́n ètò kan wà nínú rẹ̀, alábòójútó là ń pè é, tó pín in bí ilé oníyàrá púpọ̀. Ẹni tó bá wà ní yàrá kan á máa rò pé òun nìkan ló ni gbogbo ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn kan ń lo yàrá kan níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn sí. Iná ń lọ ṣáá, bó bá sì ti lọ, gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà á pa rẹ́. Wọ́n wá ní kí n kọ ètò tí yóò máa dà á kọ sórí dísìkì, àwo tí ohun orí rẹ̀ kì í pa rẹ́ bí iná bá lọ, láìdá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró. Ojú-ewé ojú-ewé ni ọpọlọ ẹ̀rọ pín sí. Bí ẹnìkan bá kọ nǹkan tuntun sí ojú-ewé kan, alábòójútó á fi àmì sí i. Ètò tèmi á máa yípo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kìkì èyí tó bá lámì ni yóò dà kọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Gbogbo wọn ló yìn mí.

Ní ìparí oṣù keje, iná lọ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó dé, a kó ohun gbogbo padà láti orí dísìkì. Hajarat, obìnrin ará Ìlọrin tó ń tẹ ìwé ilé ìwòsàn náà sínú ẹ̀rọ, wá ṣàkíyèsí pé irú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ fún aboyún kan tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò bá ti inú káàdì rẹ̀ mu. Òun fúnra rẹ̀ ti tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó sáré tẹ ilé ìwòsàn láago, ìyẹn ni wọn kò fi fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí obìnrin náà lára. Dípò ọpẹ́, ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ ni ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Yàkúbù, fún un. Ó ní, "Ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Ìwọ ni o kò tún un ṣe."

Mo mọ Hajarat, kì í purọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ètò mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí n má tàn yín, àdúrà mi ni pé kí ẹ̀bi náà wà nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Inú tèmi ni mo ti bá a. Ètò mi ń da ojú-ewé kọ tán kó tó pa àmì rẹ̀ rẹ́. Bí ẹnìkan bá wá kọ nǹkan sí i láàárín méjèèjì, àmì tuntun á bá ti àtijọ́ lọ. A ó rò pé a ti dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ohun àtijọ́ ló wà lórí dísìkì. Àyè náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, inú rẹ̀ ni àtúnṣe Hajarat bọ́ sí.

Ẹ rántí ọdún tí ikán wọ ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ wa, tí ẹ ń dà á kọ sínú tuntun, tí katikísì ṣì ń kọ orúkọ sínú ti àtijọ́? Bí orúkọ Keziah ọmọ Ògúnjìnmí ṣe sọnù nìyẹn. Ohun kan náà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́nú, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ kéde orúkọ mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo rí Hajarat tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwé yẹn, mo bá wọlé tọ ọ̀gá lọ.

Mo ní, "Sà, Hajarat tún un ṣe. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ọ̀la ni wọ́n ń kéde rẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó. Mo mú kí ètò mi dúró pẹ́ láàárín ìdàkọ àti ìpa-àmì-rẹ́, mo ní kó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i. A pa iná, a tún tàn án. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó yíjú kúrò lára ẹ̀rọ, ó wò mí.

"Bí mo bá ní kí o gbẹ́nu dákẹ́ ńkọ́?"

"Màá lọ sọ fún ilé ìwòsàn náà fúnra mi, sà."

Ó gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ Hajarat, ó sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ó fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí ipò náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: kí wọ́n má gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi títí n ó fi tún un ṣe. Ó gbà.

Nísinsìnyí, ètò mi ń kọ́kọ́ pa àmì rẹ́ ná, kó tó da ojú-ewé kọ. Bí ẹnìkan bá kọ nǹkan sí i lẹ́nu ìdàkọ, àmì tuntun á yọ, a ó sì tún un dà kọ nígbà mìíràn. Ká ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì sàn ju ká fò ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dán an wò. Hajarat ń tẹ̀wé, èmi ń já iná, ìgbà ọgọ́ta. Ẹyọ ojú-ewé kan kò sọnù. Àná ni a gbé e fún ilé ìwòsàn náà.

Mò ń bọ̀ fún Ìkórè. Bí ìjọ bá bi yín léèrè ipò náà, ẹ sọ fún wọn bó ṣe rí gan-an, ẹ má bu iyọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń fẹ́ kí n dìde sọ ọ́ fúnra mi, n ó dìde.

Kí Ọlọ́run fún yín ní alẹ́ tó tura, kí ẹ jẹ èrè wa pẹ́, kí ọ̀nà Odò-Ọwá tí òjò ti bàjẹ́ má sì ṣe mú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Damaris Ọmọ́bọ́lá Adégbóyè.

Àfikún: Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí fún Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ní mò ń bọ̀. Bó bá kọ́kọ́ gbọ́ "ìwé ìkìlọ̀," ẹkún kò ní jẹ́ kó gbọ́ èyí tó kù.